Láti ẹnu dé ìdí: irú àwọn tíṣù wo ló wà nínú ètò ìdà oúnjẹ ènìyàn?

1. Olùkọ́_ÒkèÀdó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Olùkọ́ ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, mo sì ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí. Ìwé tí a ń lò sọ pé irú tíṣù mẹ́rin ló wà nínú ara ènìyàn, ó sì fi kún un pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló pé sínú ètò ìdà oúnjẹ. Àwọn ọmọ ti há a sórí bí oríkì, ṣùgbọ́n bí mo bá bi wọ́n pé kí ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe níbẹ̀, kẹ́kẹ́ a pa mọ́ wọn lẹ́nu.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan dìde nínú kíláàsì, ó ní àbúrò òun jòjòló wà ní ilé ìwòsàn, pé dókítà sọ fún ìyá àwọn pé "kò sí iṣan" ní apá kan ìfun ọmọ náà. Ìyá wọn ń rò ó pé bí kò bá sí iṣan, ó yẹ kí ìfun náà rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ ni. Kí ló wá dé tí ikùn ọmọ le, tí ó wú bí ìlù? N kò rí èsì gidi fún un. Ẹ jọ̀ọ́, irú tíṣù wo ló wà níbo nínú ọ̀nà oúnjẹ, kí sì ni a lè sọ fún ọmọ yìí?

2. Ojú_Awò

Olùkọ́, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Yàrá àyẹ̀wò ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí a ti ń gé ẹran ara ní tín-ín-rín, tí a ń rẹ ẹ́ sínú aró aláwọ̀ àlùkò àti èyí tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, tí a sì ń gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù. N óò dá ọ̀rọ̀ jòjòló náà dúró díẹ̀, nítorí pé ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ "iṣan" tí dókítà lò, a ó sì padà sí i.

Tíṣù ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n jọra, tí wọ́n kóra jọ láti ṣe iṣẹ́ kan náà. Inú èdè Faransé ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, ohun tí a hun bí aṣọ ló sì túmọ̀ sí níbẹ̀. Dókítà Faransé kan tó ń jẹ́ Xavier Bichat, tó kú ní 1802 láìtíì pé ọmọ ọdún 31, ló sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn oníṣègùn. Oríṣi 21 ló kà nínú ara ènìyàn, kò sì lo máíkírósíkóòpù rárá: ojú lásán ló fi ń wò, ó ń gé ẹran, ó ń bọ̀ ọ́, ó ń rẹ ẹ́ sínú ásíìdì kí ó lè mọ èyí tó yàtọ̀ sí ìkejì. Àwọn tó tẹ̀ lé e ló kó wọn pọ̀ di mẹ́rin. Àkọ́kọ́ ni tíṣù ìbora, tí wọ́n ń pè ní epithelium, tó bo ojú gbogbo ohun tó bá ní ojú nínú ara. Èkejì ni tíṣù asopọ̀, tó ń so nǹkan mọ́ra, tó sì ń gbé òpó ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀kẹta ni tíṣù iṣan, tó ń sún kì, tó ń dẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni tíṣù ìmọ̀lára, tó ń gbé ìròyìn àti àṣẹ kiri.

Ohun tó ń da àwọn ọmọ rú ni pé ìpele ògiri ìfun náà jẹ́ mẹ́rin, wọ́n á sì rò pé ìpele kan, tíṣù kan ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá gé ìfun ní ìdábùú, ìpele tó wà nínú pátápátá, níbi tí oúnjẹ ń fara kàn, ní tíṣù ìbora lójú, tíṣù asopọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lábẹ́ rẹ̀, àti fọ́nrán iṣan tín-ín-rín kan nísàlẹ̀: tíṣù mẹ́ta nínú ìpele kan ṣoṣo. Ìpele kejì jẹ́ tíṣù asopọ̀ tó yi, tó kún fún òpó ẹ̀jẹ̀. Ìpele kẹta ni ti iṣan, oníṣẹ́po méjì: èyí tó wà nínú yí ìfun ká bí òrùka, èyí tó wà lóde sì nà gbọọrọ lọ pẹ̀lú rẹ̀. Àpòlúkù nìkan ló ní ìṣẹ́po kẹta, tó dàgẹ̀rẹ̀, nítorí pé ó ní láti po oúnjẹ bí ẹni ń ro ọkà. Ìpele kẹrin ni ìbora òde tó ń dán, tó sì ń yọ̀, kí ìfun má baà máa ha ara wọn. Tíṣù ìmọ̀lára kò ní ìpele tirẹ̀. Àárín àwọn yòókù ló gbà kọjá bí òwú nínú aṣọ.

Tíṣù ìbora yìí ni ó ń pààrọ̀ jù lọ bí a ti ń lọ láti ẹnu dé ìdí. Láti ẹnu títí dé ìsàlẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun, sẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ ni, tí wọ́n tò léra ní ìpele púpọ̀. Ìdí rẹ̀ kò fara sin: òkèlè gbígbóná ń gba ibẹ̀, egungun ẹja ń ha á, ẹ̀yìn eyín ń gé e. Bí àwọn tòkè bá fọ́, àwọn ti ìsàlẹ̀ á dìde rọ́pò wọn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà ọ̀fun bá ti kan àpòlúkù, ìyípadà dé lójijì, kì í ṣe díẹ̀díẹ̀: ìlà wọ́gọwọ̀gọ kan wà níbẹ̀ tí dókítà tó fi awò wọ inú ọ̀fun lè fi ojú rí, òkè rẹ̀ funfun díẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ pọ́n. Láti ibẹ̀ lọ, ìpele kan ṣoṣo ti sẹ́ẹ̀lì gíga ni ó kù láàárín oúnjẹ àti ẹ̀jẹ̀ wa, gíga rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí ìdá 1 nínú 40 mílímítà kan lọ. Ẹ̀jẹ̀ kò lè gba oúnjẹ wọlé láti ẹ̀yìn ògiri nínípọn. Nígbà tí a bá wá dé ihò ìdí, ìpele púpọ̀ tún padà dé, nítorí pé ìfàyà ibẹ̀ tún pọ̀.

Ẹni tí ásíìdì bá ń pọ̀n bọ̀ sí ọ̀fun rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, sẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ ìsàlẹ̀ ọ̀fun rẹ̀ lè parọ̀ di sẹ́ẹ̀lì gíga bíi ti ìfun. Barrett ni wọ́n fi ń pe àìsàn náà. Tíṣù tó wà níbẹ̀ lè má dun ènìyàn, kódà ó lè fara da ásíìdì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ilé rẹ̀ ni ó wà, àrùn jẹjẹrẹ sì lè gba ibẹ̀ wọlé.

3. Ọmọ_Alápatà

Ẹ má bínú pé èmi tí n kò lọ jìnnà nínú ìwé ń dá sí i. Alápatà ni bàbá mi, ibi ìpẹran ni mo dàgbà sí. Ohun tí Ojú_Awò ń wí yìí, ojú lásán ni a fi ń rí i. Ṣàkì, pàápàá èyí tí àwọn oníbàárà ń pè ní tówẹ̀lì, ṣé kò ní irun wẹ́wẹ́ lára ni? Mo ti gbọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pe nǹkan kan ní villi, tí wọ́n ní ó dà bí ọmọ ìka. Ṣé kì í ṣe òun náà nìyẹn? Inú ìfun àgùntàn ní tirẹ̀ kò ní irun kankan tí mo lè rí, ó kàn ń yọ̀ ni, bí ènìyàn bá sì fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ha á, nǹkan kan a máa tú jáde bí ẹ̀kọ tí kò dì.

4. Ojú_Awò

Ọmọ_Alápatà, ìwé tí ẹ kà ní ibi ìpẹran kò kéré, ṣùgbọ́n ìdàkejì ohun tí ẹ rò ni òtítọ́. Àpòlúkù màlúù ní yàrá mẹ́rin, inú àwọn yàrá àkọ́kọ́ ni ṣàkì sì ti wá, níbi tí koríko ti ń rọ̀, tí ó ti ń kẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ásíìdì. "Irun" tówẹ̀lì yẹn, sẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ onípele púpọ̀ ló bò ó, òkè rẹ̀ sì yi bí awọ ara. Ní ti tíṣù, ìbátan ọ̀nà ọ̀fun ni, kì í ṣe ìbátan ìfun. Awọ dúdú tí ẹ ń da omi gbígbóná sí, tí ẹ ń ha kúrò kí ṣàkì tó funfun, tíṣù ìbora náà gan-an ni.

Villi ti ènìyàn kò sí nínú àpòlúkù rárá. Inú ìfun kékeré ni wọ́n wà, gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì ju ìdajì mílímítà sí mílímítà kan lọ. Ìdí nìyẹn tí ìfun àgùntàn fi jọ ohun tó kàn ń yọ̀ lásán lójú yín, bẹ́ẹ̀ "ẹ̀kọ" tí ẹ ń ha jáde yẹn, villi àti ikun tó bò wọ́n ni! Orí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan tó bo villi tún ní ọmọ ìka tirẹ̀ tó kéré débi pé máíkírósíkóòpù lásán ń rí wọn bí etí búrọ́ọ̀ṣì kan ni.

5. Akẹ́kọ̀ọ́_Ìṣègùn

Èyí ni wọ́n fi sọ fún wa pé bí a bá tẹ́ inú ìfun ènìyàn sílẹ̀, yóò kún pápá tẹ́níìsì kan. Olùkọ́ lè fi kún àlàyé yín fún àwọn ọmọ, wọn kò ní gbàgbé rẹ̀.

6. Ojú_Awò

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kún un. Ní 2014, àwọn olùwádìí méjì ní Sweden, Helander àti Fändriks, tún ìṣirò náà ṣe, ohun tí wọ́n sì rí fún gbogbo ojú inú ọ̀nà oúnjẹ kò ju nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 32 lọ. Ìdajì pápá badminton ni wọ́n fi wé. Ìyẹn náà kì í ṣe kékeré fún ohun tó ká jọ sínú ikùn ènìyàn kan, kò sì nílò àbùmọ́.

7. Ìyá_Ìbejì

Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti òkè, mo sì ní ìbéèrè tó kan èmi gan-an. Mo ní ọgbẹ́ inú. Dókítà sọ fún mi pé ásíìdì ló ń jẹ àpòlúkù mi. Bí ásíìdì inú wa bá lè sọ ẹran di omi, tí ìpele sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo sì ni ó bo àpòlúkù wa, kí ló dé tí gbogbo ènìyàn kò fi ní ọgbẹ́ inú? Ṣé tíṣù tèmi kò dára tó ni?

8. Nọ́ọ̀sì_Tíátà

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run yóò fi àlàáfíà fún yín. Tíṣù yín kò ní àbùkù. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà lójú àpòlúkù ń da ikun tó ki jáde, wọ́n sì ń tú èròjà kan tó ń pa ásíìdì sábẹ́ ikun náà. Nítorí èyí, nígbà tí inú àpòlúkù bá kan bí ọsàn wẹ́wẹ́, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ojú sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ kò kan. Sẹ́ẹ̀lì tí ó ń ṣe ásíìdì kò gbé ojú ibẹ̀. Inú kòtò jínjìn ni ó wà, pẹ̀lú aládùúgbò rẹ̀ tí ń ṣe èròjà tó ń gé ẹran. Èròjà náà kì í lágbára títí yóò fi dé inú ásíìdì. Bí ọ̀bẹ tó wà nínú àkọ̀ ni.

Ohun méjì ló wọ́pọ̀ jù lọ tó ń ba ààbò yìí jẹ́. Èkíní ni bakitéríà tí wọ́n ń pè ní Helicobacter pylori, tó ń gbé inú ikun náà gan-an. Barry Marshall àti Robin Warren ní ìlú Perth, ní Ọsirélíà, ló fi hàn ayé. Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kò gbà wọ́n gbọ́, Marshall gbé ago bakitéríà náà mu ní 1984, àpòlúkù rẹ̀ sì wú. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ní 2005. Èkejì ni oògùn ara ríro bíi ibuprofen àti aspirin, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń rà ní ẹ̀gbẹ́ títì, tí a ń lò bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Oògùn náà ń dí ọ̀nà èròjà tó ń pàṣẹ fún sẹ́ẹ̀lì pé kí ó máa da ikun jáde, ó sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ láti inú ẹ̀jẹ̀, nítorí náà jíjẹun ṣáájú kò fi bẹ́ẹ̀ gba ènìyàn sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un nítorí ọ̀rọ̀ tíṣù tí a ń sọ. Kì í ṣe gbogbo ojú tó bó nínú àpòlúkù ni ọgbẹ́ inú. Bí ó bá dúró sí ìpele àkọ́kọ́, bíbó lásán ni, ó sì tètè ń jinná láìsí àpá. Ìgbà tí ó bá gun ìpele náà já, tí ó kọjá fọ́nrán iṣan tín-ín-rín tí Ojú_Awò mẹ́nu bà, tí ó wọ inú tíṣù asopọ̀, ni a ń pè é ní ọgbẹ́ inú. Ibẹ̀ ni òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá wà. Ẹni tí ìgbẹ́ rẹ̀ bá dúdú bí ọ̀dà, tó sì ń rùn lọ́nà tí kò rí rí, kí ó má dúró de ọjọ́ kejì kí ó tó lọ sí ilé ìwòsàn.

9. Ìyá_Ìbejì

Ẹ ṣeun, Nọ́ọ̀sì. Wọ́n ti fún mi ní oògùn bakitéríà náà. Ṣé ojú tó ti bó yẹn á hù padà?

10. Nọ́ọ̀sì_Tíátà

Á hù. Tíṣù ìbora inú wa wà lára àwọn tó ń tún ara wọn ṣe kíákíá jù nínú ara. Nínú ìfun kékeré, sẹ́ẹ̀lì kan ń jáde láti inú kòtò tó wà ní ìdí villi, ó ń gòkè bí ẹni tó wà lórí àtẹ̀gùn, láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún ó ti dé ṣóńṣó orí, ó sì já bọ́ sínú oúnjẹ. Èyí ni àwọn tó ń gba oògùn jẹjẹrẹ fi ń ní egbò ẹnu àti ìgbẹ́ gbuuru: ohunkóhun tó bá ń yára pín ni oògùn náà ń pa, kì í bi ẹnikẹ́ni ní orúkọ. Ẹ ṣáà lo oògùn yín tán, kí ẹ má ṣe dá a dúró nígbà tí ìrora bá lọ.

11. Olùkọ́_ÒkèÀdó

Mo ti kọ ojú ìwé mẹ́ta sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí a gbàgbé jòjòló náà. Ìyá rẹ̀ ṣì ń sọ pé iṣan kò sí.

12. Ojú_Awò

A kò gbàgbé. Mo fẹ́ kí gbogbo wa fara balẹ̀ ka èyí, nítorí pé èdè wa ló dá wàhálà náà sílẹ̀, kì í ṣe dókítà nìkan. Nínú Yorùbá, a ń pe ẹran tó ń sún kì ní iṣan. Òpó tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, iṣan náà ni lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn. Okùn tó ń gbé ìmọ̀lára, a tún ń pè é ní iṣan. Orúkọ kan, ohun mẹ́ta. Bí dókítà bá wí pé kò sí iṣan, ìyá ọmọ yóò ronú nípa ẹran, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ okùn ìmọ̀lára ni dókítà ń sọ.

Ohun tí mo rò pé ó ń ṣe ọmọ náà ni àìsàn tí wọ́n ń pè ní Hirschsprung, ní orúkọ dókítà ọmọdé kan ní Copenhagen tó ṣe àlàyé rẹ̀ ní 1886. Nǹkan bí ọmọ kan nínú 5,000 ni a ń bí pẹ̀lú rẹ̀, ọkùnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Àmì tó máa ń kọ́kọ́ hàn ni pé ìgbẹ́ dúdú tó yẹ kí ọmọ tuntun yà kò jáde láàárín wákàtí 48, ikùn rẹ̀ á wú, ó lè máa bì omi tó dà bí ewé.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí tíṣù ìmọ̀lára ṣe dé inú ìfun. Kì í ṣe ibẹ̀ ni a bí i sí. Nígbà tí oyún ṣì kéré, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan gbéra láti ẹ̀gbẹ́ ibi tí ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ti ń dàgbà, wọ́n wọ ọ̀nà oúnjẹ láti apá òkè, wọ́n sì ń rìn lọ sísàlẹ̀, kí oyún tó pé oṣù mẹ́ta wọ́n ti dé ìdí. Wọ́n tẹ̀ dó sí ibùdó méjì: ọ̀kan nínú tíṣù asopọ̀ ìpele kejì, èyí tí Meissner rí ní 1857, tó ń darí ikun àti omi, ìkejì láàárín iṣan òrùka àti iṣan gbọọrọ, èyí tí a fi orúkọ Auerbach pè, tó ń darí ìsún ìfun. Wọ́n pọ̀ tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù. Ní 1899, Bayliss àti Starling ní London fi ajá ṣe àyẹ̀wò, wọ́n gé gbogbo okùn tó so ìfun mọ́ ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn, síbẹ̀ ìfun náà ń bá iṣẹ́ lọ: bí nǹkan bá tẹ̀ ẹ́ láti inú, iṣan ẹ̀yìn nǹkan náà á sún kì, ti iwájú á dẹ̀, ohun náà á sì máa lọ.

Nínú ọmọ oní-Hirschsprung, àwọn arìnrìn-àjò náà kò dé òpin. Apá ìsàlẹ̀ ìfun ńlá, lọ́pọ̀ ìgbà láti ihò ìdí dé ibi tó wọ́ kọ́lọ́kọ́lọ́ lókè rẹ̀, kò ní sẹ́ẹ̀lì ìmọ̀lára. Iṣan, èyí tó jẹ́ ẹran, wà níbẹ̀ pé pérépéré. Ohun tí kò sí ni ẹni tí yóò sọ fún un pé kí ó dẹ̀. Ó wá sún kì títí lọ gbári, kò jẹ́ kí ohunkóhun kọjá, gbogbo ohun tó ń bọ̀ láti òkè á sì máa kóra jọ lẹ́yìn rẹ̀. Ikùn ọmọ náà wú nítorí pé iṣan rẹ̀ kò sinmi.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú ìtàn àìsàn yìí ni pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, apá tó wú ni àwọn oníṣẹ́ abẹ ń gé kúrò, nítorí pé òun ló jọ aláìsàn lójú, àwọn ọmọ náà kò sì yá. Apá tó wú ni ó pé, ó kàn ń ti ilẹ̀kùn tí kò ṣí ni. Apá tó rí tẹ́ẹ́rẹ́, tó dà bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan, ni àìsàn wà. Orvar Swenson ní Boston ló gbé iṣẹ́ abẹ tó ń yọ apá tẹ́ẹ́rẹ́ náà jáde ní 1948. Bí wọ́n bá mú ẹran bíńtín láti inú ìdí ọmọ náà wá sí irú yàrá tiwa, iṣẹ́ wa ni láti wá sẹ́ẹ̀lì ìmọ̀lára ńláńlá láàárín àwọn yòókù. Nínú àyẹ̀wò mìíràn, rírí nǹkan ló ń bani nínú jẹ́. Nínú èyí, àìrí i ni, nítorí náà a kì í yára kọ èsì, a óò gé ẹran náà léraléra kí a tó sọ pé kò sí.

Ẹ sọ fún ọmọbìnrin náà pé àìsàn tó ṣe é tọ́jú ni, pé kò sí oúnjẹ tí ìyá rẹ̀ jẹ tàbí èyí tí kò jẹ nínú oyún tó fà á.

13. Ará_Salvador

Ẹ kú àlàyé. Salvador ní Brazil ni mo ń gbé, mo sì rí ohun tó jọ èyí níbí, lára àgbàlagbà. Kòkòrò kan wà tí àwọn ará ibí ń pè ní barbeiro, tó ń gbé inú pàlàpálá ògiri amọ̀, tó sì ń fa ẹ̀jẹ̀ ènìyàn lóru. Ìgbẹ́ rẹ̀ ló ń gbé àrùn Chagas, tí Carlos Chagas ṣe àwárí rẹ̀ ní Brazil níbí ní 1909. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, àrùn náà lè pa sẹ́ẹ̀lì ìmọ̀lára inú ọ̀nà oúnjẹ, ọ̀fun ẹni náà á fẹ̀ bí àpò, òkèlè kò ní lọ mọ́. Mal de engasgo ni àwọn ará ìgbèríko ń pè é tipẹ́tipẹ́, àìsàn òkèlè tó há. Tíṣù kan náà tí a kò bí mọ́ jòjòló yẹn, àgbàlagbà ní i, ó sì pàdánù rẹ̀.

14. Akẹ́kọ̀ọ́_Ìṣègùn

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Ojú_Awò lórí orúkọ. Ṣé kí a fi "iṣan" sílẹ̀ fún ẹran tó ń sún kì nìkan, kí a máa pe ìkejì ní "fọ́nrán ìmọ̀lára", kí ẹ̀kẹta sì jẹ́ "òpó ẹ̀jẹ̀"? Iṣan fúnra rẹ̀ tún jẹ́ méjì nínú ọ̀nà oúnjẹ. Ìdá kan nínú mẹ́ta lókè ọ̀nà ọ̀fun jẹ́ iṣan bíi ti apá àti ẹsẹ̀, ìdá àárín jẹ́ àdàlù, ìsàlẹ̀ rẹ̀ àti gbogbo ìyókù jẹ́ iṣan tí kì í gbọ́ tiwa, àfi òrùka tó wà lóde pátápátá ní ihò ìdí. Ẹnu ọ̀nà àbáwọlé àti ẹnu ọ̀nà àbájáde nìkan ni wọ́n fi ṣe tiwa.

15. Nọ́ọ̀sì_Tíátà

Orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn dára, èmi yóò bẹ̀rẹ̀ sí lò ó lọ́dọ̀ àwọn ìyá ọmọ láti ọ̀la.

Gbogbo yín ti yin ìbora, ẹ ti yin ìmọ̀lára, kò sí ẹni tó yin tíṣù asopọ̀, bẹ́ẹ̀ bí ìfun bá já, òun ni oníṣẹ́ abẹ ń wá. Bí ẹ bá fi abẹ́rẹ́ rán ìpele inú, yóò ya bí bébà tó tutù. Bí ẹ bá rán iṣan nìkan, okùn yóò gé e kọjá. Ìpele kejì, ti tíṣù asopọ̀, ló ń di okùn mú, William Halsted ti fi èyí hàn láti 1887. Èròjà kọ́lájìnì tó hun ún ló fún un ní agbára.

Níbí ní Nàìjíríà, ohun tó sábà ń gbé wa dé ibẹ̀ ni táífọ́ọ̀dù, tí àwọn kan ń pè ní ibà jẹ̀funjẹ̀fun, orúkọ náà sì bá a mu gidi. Ìkójọ sẹ́ẹ̀lì ajagun kan wà nínú ògiri ìfun kékeré, ó pọ̀ jù ní ìparí rẹ̀, Peyer ló kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1677. Tíṣù ìbora tó bo ibẹ̀ ní sẹ́ẹ̀lì pàtàkì kan tó ń mú ohun àjèjì láti inú oúnjẹ lọ fún àwọn ajagun náà kí wọ́n lè dá a mọ̀. Bakitéríà táífọ́ọ̀dù gba ẹnu ọ̀nà yẹn gan-an wọlé. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ní bí ọ̀sẹ̀ kẹta, ojú ibẹ̀ lè kú, kí ó lu, kí ohun inú ìfun sì dà sínú ikùn. Mo ti rí ihò kan, mo ti rí ju ẹyọ kan lọ nínú ọmọ kékeré kan náà. Nígbà míràn, a bá ìbora ọlọ́ràá inú ikùn tó ti rìn wá fúnra rẹ̀, tó sì ti lẹ̀ mọ́ ihò náà bí ẹni fi ọwọ́ bò ó.

Ọ̀nà ọ̀fun inú àyà kò ní ìpele òde tó ń dán yẹn. Tíṣù asopọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló so ó mọ́ àwọn aládùúgbò rẹ̀. Rírán rẹ̀ ṣòro ju rírán ìfun lọ, jẹjẹrẹ ibẹ̀ sì ń tètè kàn òmíràn.

16. Ọmọ_Alápatà

Ọ̀rọ̀ okùn tí Nọ́ọ̀sì sọ, ṣé òótọ́ ni pé inú ìfun àgùntàn ni wọ́n ti ń ṣe okùn tí wọ́n fi ń rán ènìyàn?

17. Nọ́ọ̀sì_Tíátà

Òótọ́ ni, catgut ni wọ́n ń pè é, tíṣù asopọ̀ ìfun àgùntàn tàbí ti màlúù ni wọ́n fi ń ṣe é. Kò fi bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.

18. Olùkọ́_ÒkèÀdó

A kò ní máíkírósíkóòpù tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ṣé ọ̀nà wà tí àwọn ọmọ lè gbà fi ojú rí àwọn ìpele yìí?

19. Ọmọ_Alápatà

Ẹ ra ìfun ewúrẹ́ tí wọn kò tíì fọ̀, bí apá kan ní gígùn. Ẹ là á, ẹ ṣan án. Ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ha inú rẹ̀, "ẹ̀kọ" á jáde. Lẹ́yìn náà ẹ fi èékánná fa òde rẹ̀, awọ fẹ́lẹ́ kan tó ń dán á ṣí pẹ̀lú ẹran pupa díẹ̀ lára rẹ̀. Èyí tó bá kù láàárín, tó funfun, ẹ ní kí ọmọ méjì fà á síra wọn, kí ẹ wò ó bí yóò bá tètè já.

20. Ojú_Awò

N kò lè kọ́ ọ dára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí awọ òde bá ń ṣí pẹ̀lú iṣan gbọọrọ, ẹ sọ fún wọn pé àárín tí wọ́n ń fà ya náà ni ibùdó Auerbach wà, kódà bí ojú wọn kò tilẹ̀ rí i. Ẹ tètè rà á ní òwúrọ̀ o, kí ẹ fi yìnyín tọ́jú rẹ̀. Bí ẹran bá ti kú, kò sí ẹ̀jẹ̀ mọ́, kò sí ikun tuntun, èròjà tó ń da oúnjẹ á yí ojú sí tíṣù ìbora fúnra rẹ̀, bí ẹ bá fi máa dé kíláàsì lọ́sàn-án, ìpele inú á ti yọ́ kí ọ̀bẹ tó kàn án. Kí wọ́n fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

21. Olùkọ́_ÒkèÀdó

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Ọjọ́ Ẹtì ni kíláàsì náà, aago méje ni n óò ti wà lọ́dọ̀ àwọn alápatà. Ọmọbìnrin náà sọ fún mi lónìí pé wọ́n ti mú ẹran bíńtín lára àbúrò rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Mo ka èsì Ojú_Awò fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì ní kí n kọ ọ̀rọ̀ náà, fọ́nrán ìmọ̀lára, sórí bébà fún òun kí òun mú un lọ fún ìyá òun.